Màlúù Tí Mi Ò Kà

Ẹni tó bá fẹ́ bi mí léèrè nípa aṣálẹ̀, kó kọ́kọ́ wá àga, kó jókòó, nítorí mi ò ní dákẹ́ bọ̀rọ̀. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, tí oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ooru yìí mà pọ̀ o. Èmi á ní, "Ooru? Ẹ̀yin ò tíì rí ooru." Ó parí nìyẹn. Ẹni tó ní òun ń sáré lọ síbi iṣẹ́ á di bàtà mú lọ́wọ́, á dúró, nítorí ojú àgbà, bọ́ọ̀sì rẹ̀ á sì kọjá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ mí di Pùròfẹ́sọ̀. Mi ò ní kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọdún mẹ́rin péré lẹ lò ní aṣálẹ̀," ni ó máa ń wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ fi wa bọ́ọ̀sì. Kí ló dé tí ẹ kì í sọ ìtàn bọ́ọ̀sì?"

Òótọ́ ló sọ. Mo wa bọ́ọ̀sì láti Peckham lọ sí Stockwell àti ibòmíràn títí tí ìbàdí mi fi gba ìrísí àga dírẹ́bà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn bọ́ọ̀sì? Gbogbo àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ fún, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń bọ̀.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní òkè Ọya nígbà èwe mi kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe ló ṣòro. Ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá pápá ìjẹko tó wà létí aṣálẹ̀ ń bàjẹ́ ni àbí ó ń sàn. Àwa kan jáde ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n fún wa ní jíìpù kan, férémù onírin onígun mẹ́rin kan, ìwé àkọsílẹ̀ àti ṣòkòtò péńpé kakí, wọ́n ní ó dàbọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti kan èèkàn mọ́lẹ̀, mo máa gbé férémù yẹn kalẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá ka gbogbo koríko tó bọ́ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá sì kọ irú èyí tó jẹ́. Bí mo bá parí ìyẹn, màá lọ sídìí kànga, màá ka màlúù tó bá wá mu omi. Koríko ní apá òsì ìwé, màlúù ní apá ọ̀tún. Lọ́dọọdún, ibì kan náà, oṣù kan náà. Ẹni tó bá fi ọdún kan wé èkejì á mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ náà. Òun ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo fi gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ìjọba sọ iṣẹ́ náà nù, kò sí ẹni tó béèrè wọn lọ́wọ́ mi, mo bá kó wọn sínú àpótí wá sí London, nítorí mo ní mo máa fi wọ́n kọ ìwé ńlá kan. Ẹ ò rí ìwé ńlá náà rí? Èmi náà ò rí i. Lọ́jọ́ tí a kó kúrò nílé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham Rye bọ́ sínú fúláàtì kékeré tí a wà yìí, ìyàwó mi fẹ́ dà wọ́n nù. Mo ní ìmọ̀ ni. Ó ní eruku ni. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wa, nítorí bí èèyàn bá ṣí ìwé ọ̀hún títí dòní, iyanrìn ṣì ń dà jáde láàrin ewé rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa, nọ́ọ̀sì ni, Surrey Quays ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.

"Alhájì, ọmọ mi yìí, PhD ló ń ṣe. Lórí aṣálẹ̀ ni. Fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní bàbá kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa tó mọ gbogbo aṣálẹ̀ bí ẹni mowó."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta ti dúró tì wá, wọ́n ń mi orí. Mo ní, "Jẹ́ kó wá."

Ọjọ́ Sátidé ló wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dé ìdajì, bí àwọn tí a bí síhìn-ín ṣe máa ń ṣe é, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. "Ẹ káàsán sà, Uncle." Yorùbá rẹ̀ ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì wa, ó fi àwòrán kan hàn mí: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ eérú.

"Uncle, ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nìyí."

Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi rin ilẹ̀ yẹn. Mi ò tíì fi ojú ẹyẹ wò ó rí. Bí ẹ bá ní àwòrán awọ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn ni, n ó gbà. Ṣùgbọ́n ojú ìyàwó mi wà lára mi. Mo wọ awò ojú mi, mo sún mọ́ ọn, mo mí kanlẹ̀, mo sì fi ìka lé kókó dúdú kan.

"Kànga ńlá nìyí," mo ní. "Mo rántí rẹ̀ dáadáa."

Ọmọ náà fi èékánná ha á kúrò. Èérún bísíkíìtì ni.

Ìyàwó mi dìde, ó lọ sí kíṣìnì kó lè rẹ́rìn-ín bó ṣe fẹ́.

Ọmọ náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó fi sùúrù ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ní àyíká kànga kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ kan wà tó pá bí orí àgbàlagbà. Nínú àwòrán ọdọọdún, pípá náà ń fẹ̀ sí i. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé òjò ni kò rọ̀ tó, àbí màlúù ló jẹ ilẹ̀ náà ní àjẹjù? Sátẹ́láìtì mọ àwọ̀ ilẹ̀ àtijọ́, ó ní, ṣùgbọ́n kò mọ iye ẹran tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà ló lè sọ. Kò sì tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi èmi.

Mo gbé àpótí jáde. Ó ń ya fọ́tò ìwé náà lójú ewé lójú ewé, ó ń fi ọwọ́ gbá iyanrìn jọ síbì kan lórí tábìlì, bí ẹni pé ìyẹn náà ṣe pàtàkì. Nígbà tó dé ìwé kẹta, ó dúró.

"Uncle, ẹ wò ó. Koríko yín, okay. Ṣùgbọ́n màlúù: twenty. Forty. Twenty. Sixty. Forty. Kò sí twenty-three. Kò sí thirty-five. Kí ló dé?"

Ibi tó yẹ kí n ti sọ òótọ́ nìyẹn. Ẹnu mi tiẹ̀ ti ṣí. Ṣùgbọ́n òun ló tún sọ̀rọ̀:

"Àbí Yoruba counting ni? Mummy sọ fún mi pé àwọn àgbà máa ń ka nǹkan ní ogún-ogún."

Mo wò ó. Ọmọ dáadáa ni, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi, mo sì wọlé bí ewúrẹ́.

"Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà nìyẹn," mo ní. "Ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Bí màlúù bá ti pé ogún, màá ju òkúta kan sínú àpò. Bó bá tún pé ogún, òkúta mìíràn."

Òkúta yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ibo ló ti wá? Mi ò ju òkúta sínú àpò rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣòkòtò péńpé náà ò tiẹ̀ ní àpò tó gbà á, àpò ti ya. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn, ó ní, "This is amazing, Uncle."

Lọ́sẹ̀ kejì ó pè mí pé òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ti gbọ́ nípa òkúta náà, inú rẹ̀ dùn dé góńgó, ó ní kó kọ orí kan gbáko nípa rẹ̀. Odidi orí kan, lórí òkúta tí kò sí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí. Mo gbé kóòtù mi tó ṣe gidi lọ fún àwọn afọṣọ, nítorí mo ní wọ́n lè pè mí kí n wá bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nídìí kànga.

Ìyá mi bímọ, a pọ̀. Iye wa kò kan yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, akọ̀wé ìjọba kan wá ka èèyàn ní àdúgbò wa, ó bi ìyá mi pé ọmọ mélòó ló bí. Ìyá mi ní, "A dúpẹ́." Akọ̀wé ní kì í ṣe ohun tí òun béèrè nìyẹn. Ìyá mi ní, "Ìwọ náà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ó fún un lómi mu, ó sì fi ọ̀wọ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Èmi dúró lẹ́yìn ìró rẹ̀, mo sì gbé ẹ̀kọ́ náà mì bí ẹni gbé èkuru mì. Kò kúrò lọ́nà ọ̀fun mi títí dòní.

Kí wọ́n wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ní kó lọ máa ka màlúù Fúlàní!

Bàbá Fúlàní kan ló ni gáà tó sún mọ́ kànga àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti yọ bírò, mo dojú kọ àwọn ẹran, mo ń na ìka: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bàbá náà kò bínú. Ó kàn ń wo ìka mi, bí èèyàn ṣe ń wo ìka ẹni tó ń tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. Ojú ìyá mi gan-an ni mo rí lójú rẹ̀. Mo bá ká ìka mi kò.

Ó ní kí n jókòó. Ó bu wàrà fún mi nínú igbá. Èdè Hausa mi nígbà náà kò kọjá ìkíni, torí náà gbogbo ohun tó ṣeé kí ni mo kí. Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, mo kí oòrùn. Nígbà tó kan ẹran, mo ní, "Àwọn ẹran ńkọ́?"

Ó ní, "Díẹ̀ náà ni."

Eruku màlúù ọ̀gbẹ́ni yìí ń bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà níwájú wọn kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ó ní díẹ̀ náà ni, ìjọba sì ń gba owó orí màlúù nígbà náà, ta ló máa sọ iye ẹran rẹ̀ fún ọmọ ìjọba tó wọ ṣòkòtò péńpé? Èmi náà ò jẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìṣòro tó kù ni pé fọ́ọ̀mù ìjọba kò gba "díẹ̀ náà ni." Nọ́ńbà ló ń fẹ́. Mo jókòó sínú jíìpù, mo rò ó, mo kọ ogún. Ní gáà kejì, baálé ibẹ̀ ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo rí i pé ìyẹn lágbára ju díẹ̀ lọ, mo kọ ogójì. Ní gáà kẹta, ìyá àgbà kan na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Ọlọ́run mà ṣeun o. Ọgọ́ta. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, mo ti ní òfin: díẹ̀ ni ogún, ọpẹ́ ni ogójì, ọpẹ́ tó bá ti ní ọwọ́ sókè ni ọgọ́ta. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, mi ò yẹ̀ kúrò nínú òfin yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo tiẹ̀ rò pé iṣẹ́ gidi ni mo ń ṣe.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ náà lọ dúró níwájú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó pè mí lórí fóònù. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

"Uncle, ọdún kẹta yẹn ò balance. Òjò rọ̀ dáadáa, mo rí record ẹ̀. Màlúù yín, forty péré. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pá. Ó pá gan-an! Kí ló jẹ koríko yẹn?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ta kókó o."

"Ṣé eéṣú wá ni? Tí ẹ bá sọ pé eéṣú wá lọ́dún yẹn, everything á fit. Ẹ jọ̀ọ́, Uncle, ẹ bá mi rántí. Tí mi ò bá lè ṣàlàyé ẹ̀, wọ́n máa fail mi. Mummy ti gba extra shift tipẹ́ kí n lè parí lọ́dún yìí."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Eéṣú. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹni tó ti ṣẹ̀dá òkúta, ṣé eéṣú ló máa wá nira fún un? Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n ti ń bọ̀ lọ́kàn mi, wọ́n ṣú bo ojú ọ̀run, mo ń gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Mo tiẹ̀ ti rí ara mi láàrin wọn, mo fi fìlà bo ojú, mo ń du ẹ̀mí jíìpù.

Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ yẹn ni. Ó ń béèrè bóyá eéṣú wá."

"Ṣé ó wá?"

"Ó ṣeé ṣe kó wá."

"Alhájì."

"Kí ló dé?"

"Kí a tó bí àkọ́bí wa lẹ ti sọ ìtàn kànga yẹn fún mi. Ẹ ní ẹ ò ka màlúù kankan. Ẹ tiẹ̀ ṣe bí ìyá àgbà tó na ọwọ́ sókè, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ibo ni eéṣú wà nínú rẹ̀?"

Mo bá a ṣa ẹ̀wà kan.

"Ẹ ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní òkúta, mo dákẹ́, mo ní eré àgbà ni. Bí wọ́n bá wá ní kó fi ibi tí eéṣú ti wá hàn wọ́n ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó ná."

"Ẹ rò ó nínú bọ́ọ̀sì," ó ní, ó sì na káàdì bọ́ọ̀sì mi sí mi.

Mo jókòó sí àga iwájú nísàlẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwa arúgbó, mo ń tún ọ̀rọ̀ mi tò. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ tò, ìjọba ló jẹ̀bi. Nínú ìkejì, jíìpù ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ìkẹta, ibà ló ń ṣe mí. Nígbà tí a fi máa dé Surrey Quays, mo ti dá gbogbo ẹni tó wà ní òkè Ọya lásìkò náà lẹ́bi àfi ara mi. Dírẹ́bà náà tún ń tẹ bíréèkì lójijì lójijì, mo fẹ́ dìde lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ìyá ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn, ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Háà, Alhájì! Ẹ wọlé, sà. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé kò sí láburú?"

Mo ní kò sí, mo sì ń wọlé. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ti tẹ gbogbo ìwé mi jáde sórí bébà, ó tò wọ́n yí ara rẹ̀ ká, ó fi àwọ̀ oríṣiríṣi fa ìlà sábẹ́ wọn. Ibi tí mo bá wò, ọwọ́ ìkọ̀wé mi nígbà èwe ló ń wò mí padà, ó dúró ṣinṣin, ó dá ara rẹ̀ lójú. Gbogbo ohun tí mo tò nínú bọ́ọ̀sì fò lọ.

"Eéṣú ò wá," mo ní.

Ó gbójú sókè. "Okay. So kí ló jẹ koríko?"

"Màlúù ni."

"Forty màlúù? Uncle, forty ò lè jẹ—"

"Kì í ṣe ogójì."

"Ẹ kọ forty níbí."

"Mo kọ ọ́. Mi ò kà á."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Ìka mi, ojú bàbá náà, igbá wàrà, gbogbo ìkíni mi, díẹ̀ náà ni, ọpẹ́, ọwọ́ sókè. Mi ò fi ìjọba sí i, mi ò fi jíìpù sí i. Nígbà tí mo parí, ó fi bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òkúta ńkọ́?"

"Kò sí òkúta."

"Uncle. Mo ti kọ fourteen pages lórí òkúta."

"Mo gbọ́."

"Supervisor mi ti ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn! Ẹ̀yin ń fi mí ṣeré ni?"

Mo gbọ́ nǹkan lẹ́yìn mi. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Mummy, kò funny."

"Mi ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n máa na ìka sí ẹran onílé lójú onílé?"

"Job wọn ni! Job wọn gan-an ni, Mummy, kí wọ́n kà á!"

"Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ní hospital, wọ́n bi mí pé how many children. Mo ní thank God."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó?"

"Mo sọ ọ́. Obìnrin náà tún un béèrè, mo tún un sọ."

"Mummy, èmi nìkan lẹ bí!"

"Ta ló ní kí o kà?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ náà. Ó ń kó àwọn bébà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi dúró lójú rẹ̀, kò jẹ́ kó dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́kàn mi. Eékún mi ò jẹ́ kí n ṣe é nílẹ̀, bí mo bá sì ṣe é, àwọn ló máa gbé mi dìde, á tún di wàhálà wọn.

Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ìgbéraga ló bá mi sọ ọ̀rọ̀ òkúta."

Kò sọ pé kò sí wàhálà. Ó ń wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Koríko ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ẹ ka koríko?"

"Mo kà á. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun purọ́ kò tún lè fi ẹnu kan náà jẹ́rìí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka apá òsì ìwé sókè: seventeen. Eleven. Forty-nine. Six. Thirty-one. Nọ́ńbà wọ́gọwọ̀gọ, tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n lọ sísàlẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ka ìwọ̀nyí?"

"Koríko ò ní baba tó dúró tì í," mo ní. "Kò sí ẹni tí mo máa dójú tì."

Nígbà náà ni ó bi mí nípa koríko ẹlẹ́gùn-ún kan tí mo ń kọ léraléra, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo ní àwọn ẹran kì í jẹ ẹ́ bó bá ti gbó, koríko dídùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ tán, ẹlẹ́gùn-ún á wá gba ilẹ̀. Lọ́dún kẹta, odindi ọ̀sán kan ni mo fi yọ ọ́ kúrò lára ìbọ̀sẹ̀ mi. Ó fa bébà ọdún kẹta sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fa ti ọdún kejì. Koríko dídùn ń dín kù, ẹlẹ́gùn-ún ń pọ̀ sí i, bí férémù bá ṣe sún mọ́ kànga tó, òjò sì ń rọ̀.

"So màlúù pọ̀," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Koríko sọ ọ́. Uncle, koríko yín ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, màlúù yín ló ń da ọ̀rọ̀ rú."

Ìyá rẹ̀ gbé tíì wá. Kò sí ẹni tó mu ún.

Ó lọ síwájú àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn láì fi ohunkóhun pamọ́. Èmi jókòó sílé ti fóònù, mi ò lè jẹun. Nígbà tó pè, ó ní wọn ò fail òun, wọn ò sì tíì fún òun ní oyè náà. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un kó fi kọ orí yẹn látìbẹ̀rẹ̀, láti inú koríko nìkan. Oṣù mẹ́fà sí i nínú extra shift ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ń ṣọ̀fọ̀ òkúta.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbi tí òkúta wà.

"Uncle, orúkọ yín ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 'Field officer' ni mo kọ."

Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Láti ìgbà yẹn, ó ń wá sílé wa ní gbogbo Sátidé. Ìkọ̀wé mi ti ń parẹ́ lójú ewé, kámẹ́rà kò rí i dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n èmi mọ ọwọ́ ara mi. Mo máa ń kà á sókè, òun á máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kì í gbọ́ ìtàn aṣálẹ̀ kankan lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá ti ní, "Lọ́jọ́ yẹn, oòrùn—" á ní, "Nọ́ńbà, Uncle." Sátidé tó kọjá yìí, mo ka ewé kan dé ìsàlẹ̀, mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Seventeen yẹn, Uncle. Ṣé ẹ kà á, àbí ẹ kí i?"

Ìyàwó mi dá iṣẹ́ dúró ní kíṣìnì láti gbọ́ èsì mi.

"Mo kà á," mo ní. "Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Ó ní, "Èyí tó kàn?"